Àgbàdo Tó Hunjọ Lókè Ààrò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Igbein, nǹkan méjì ló máa ń bà mí lẹ́rù: ejò, àti ẹnu àwọn àgbà. Ejò kò bù mí jẹ rí. Ti ẹnu àgbà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹni tó ń tẹ fóònù níbẹ̀ yẹn jọ̀ọ́ gbé e sílẹ̀ ná.

Oníṣòwò ni bàbá àti ìyá mi, Láfẹ́nwá ni wọ́n ti ń tajà, Mùsùlùmí sì ni gbogbo ilé wa. Ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, nìkan ni kì í lọ sọ́jà. Ẹ̀yìnkùlé ni tirẹ̀, ibi tó ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti ilá sí, èmi ni mo sì máa ń bá a tu koríko ibẹ̀. Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣì ń gbé àwọn èèyàn lọ sílùú òyìnbó bí ẹni ń lọ sí Ìbàdàn, àbúrò bàbá mi ti ọ̀hún dé, ó sì gbé àpò bébà pẹlẹbẹ kan lé mi lọ́wọ́. Àwòrán àgbàdo tó yọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní àgbàdo aládùn àwọn òyìnbó ni. Ìyá Àgbà ní kí n tọ́jú rẹ̀ di òjò àkọ́rọ̀. Níbo lẹ rò pé mo tọ́jú rẹ̀ sí? Abẹ́ ẹní mi ni, níbi tí òrùlé ti ń jò gan-an.

Ọjọ́ tí a fẹ́ gbìn ín, mo tú àpò náà, àyà mi já. Àwọn hóró inú rẹ̀ ti hunjọ, wọ́n rí bí ìka ẹni tó fọṣọ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé òjò tó jò sí i ló bà á jẹ́, n kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyẹn. Orúnkún ń dun Ìyá Àgbà lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló jókòó sí tó ń pàṣẹ. Ó ní kí n fi mẹ́ta-mẹ́ta sínú ihò kan. Mo fi sí i, mo yára bo ilẹ̀ mọ́ ọn, mo sì ju bébà rẹ̀ sínú iná. Nítorí náà, nínú gbogbo ilé, èmi nìkan ni mo rí irúgbìn yẹn. Ẹ di èyí mú o.

Àgbàdo hù, ó sì ga.

Ìyá kan ń gbé yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé wa. Opó ni, kò bímọ, láti abúlé kan lápá Owódé ló ti wá, òrìṣà sì ni wọ́n ń bọ nílé tiwọn. Ẹ̀gúsí ló ń bó fún àwọn tó ń tà á, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́gùúsí. Bí ìyá mi bá ti lọ sọ́jà báyìí, yóò pè mí, yóò bu ẹ̀pà sísun sí mi lọ́wọ́. Ìyá mi ti fà mí létí títí pé n kò gbọdọ̀ gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ ará ìta. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà yẹn, háà! Ta ló fẹ́ kọ̀ ọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́gùúsí wọ inú ọgbà, ó fọwọ́ pa àgbàdo náà lára. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o! Àgbàdo yín mà dára o, irú èyí ò sí lóko wa.” Nílé tiwa, ẹni tó bá yin nǹkan gbọ́dọ̀ fi orúkọ Ọlọ́run sí i, kí ojú burúkú má baà bà á jẹ́. Kò mọ èyí. Ìyá mi wà níbẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá.

A ya àgbàdo náà ní tútù, a sè é, bàbá mi ní ṣé a da ṣúgà sí i ni. Ìyá Àgbà fi mẹ́fà tó tóbi jù sílẹ̀ kí ó gbẹ lórí igi, ó wá so wọ́n tèèpo-tèèpo rọ̀ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò, bí àwa Ẹ̀gbá ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Nígbà tí ìyá mi já wọn sílẹ̀ tó bó àkọ́kọ́, ó ti hunjọ. Ó bó ìkejì, bákan náà ni. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ara àbúrò mi tí kò tíì rìn ń gbóná, kò gba ọmú mọ́, ó ti rù kan eegun. Ìyá mi gbé ọmọ, ó gbé àgbàdo, ó figbe ta. “Ẹni tó fa omi inú èyí mu ló ń mu ọmọ mi o!”

Kí a tó kírun ìrọ̀lẹ́, agboolé ti kún. Wọ́n fa Ìyá Ẹlẹ́gùúsí jáde sáàárín. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ojú ẹni tí wọ́n bá pè ní àjẹ́ rí nígbà náà. Àwọn ọkùnrin kan ti ṣa òkúta dání. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ilé, pè mí, ó ní ta ni mo rí tó fọwọ́ kan àgbàdo. Mo ní Ìyá Ẹlẹ́gùúsí ni. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyókù òótọ́ yẹn, ó wà lórí ahọ́n mi: bó ṣe hunjọ lọ́jọ́ náà ló ti hunjọ kí n tó gbìn ín. Gbólóhùn kan péré ni, ìyá yẹn ì bá sì padà sí yàrá rẹ̀.

N kò sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá gbèjà rẹ̀, wọn yóò ní ó ti fún mi ní àjẹ́ jẹ, pé èmi náà ti di ọ̀kan lára wọn. Àfi bí ẹni pé olórí ilé gbọ́ ohun tó wà nínú mi, ó bi mí pé, “Kò fún ọ ní nǹkan kan jẹ rí?” Mo ní rárá.

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ẹlẹ́gùúsí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Mi ò fún ọmọ yẹn ní nǹkan kan rí. Ẹ fi sílẹ̀, ọmọdé ni.”

Wọ́n ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń tún ìdí ẹrù so, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Nu ẹnu rẹ, èèpo ẹ̀pà wà níbẹ̀.” Ohun tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn láyé. Òkúta méjì ni wọ́n jù tẹ̀lé e, ọ̀kan bà á léjìká, kò wẹ̀yìn.

Bàbá mi gbé àbúrò mi lọ sọ́sibítù, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ibà, ara rẹ̀ yá. Àwọn èèyàn ní, “Ṣé ẹ ti rí i? Àjẹ́ ti lọ.” Mi ò lè jẹun. Níkẹyìn mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ irúgbìn fún Ìyá Àgbà nínú ọgbà. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ń gbọ́, ó ní, “Má sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Wọn á ní ta ló gbìn ín, inú ọgbà ta sì ni.” Mo wá mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí. Lónìí, inú agolo lẹ ti ń jẹ àgbàdo aládùn, bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí irúgbìn rẹ̀ ṣe ń rí, fóònù yín yóò fi hàn yín. Ẹ tún ń dá àgbà lóhùn, ó sì máa ń bí mi nínú nígbà mìíràn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn àlejò ń sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa ló jí aago, ọmọ ọmọ mi obìnrin dìde láàárín wọn, ó ní kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn. Ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè láti gbá a lẹ́nu. Mo di ọwọ́ náà mú. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.