Okùn Ọrùn Ajá Fojúwọ̀n

Télọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Fojúwọ̀n, nítorí kì í lo téèpù. Bí oníbàárà bá ti wọlé, yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀, yóò ní kó máa lọ, aṣọ náà yóò sì bá a mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Àwọn èèyàn a máa ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òun náà ni télọ̀ àwọn fi ń gé aṣọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń fojú wọ̀n.

Ojú yìí kan náà ló fi yan ajá. Ó gbé kóòtù lọ fún ọkùnrin kan tó ń sin àgùntàn lẹ́yìn ìlú, ó sì bá ajá dúdú onífunfun láyà kan tó ń da agbo wọlé. Ajá náà kò gbó, kò gé ohunkóhun jẹ. Ó kàn ba mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ wọn, ó sáré yí wọn ká, gbogbo wọn sì rọ́ wọ ọgbà bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu agogo fún. Ọkàn télọ̀ fà sí i. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀.

Alágùntàn wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá télọ̀, èyí kì í ṣe ajá ìjókòó. Láàárọ̀ ó gbọ́dọ̀ sáré, nírọ̀lẹ́ ó gbọ́dọ̀ sáré, láàárín méjèèjì ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan ṣe. Bí o kò bá fún un níṣẹ́, á wáṣẹ́ fún ara rẹ̀."

Fojúwọ̀n ṣèlérí pé òun á máa mú un sáré, ó ní ìyẹn kò le, pé òun máa ń rìn gan-an. Irọ́ ni. Ọkùnrin tí ìdí rẹ̀ ti ya àwòrán sórí àga mọṣíìnì, tó jẹ́ pé omi tó fẹ́ mu gan-an, ìyàwó ló ń gbé e wá bá a níbi tó jókòó sí.

Kí á má purọ́ mọ́ ọn, nígbà tó gba ọmọ ajá náà délé, ó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó ń jí mú un lọ sí pápá, ó ń ju bọ́ọ̀lù fún un, ó ń fi òógùn padà wálé bí ẹni tó wẹ̀ tí kò nura. Àmọ́ nígbà tí ajá dàgbà tán, iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Pápá di ojúde, ojúde di ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yìnkùlé di okùn. Ó so ó mọ́ òpó tí wọ́n ń sáṣọ sí. Ajá ń yí òpó náà ká títí koríko ibẹ̀ fi kú, tí ilẹ̀ sì jìn bí àwo. Ìyàwó pè é wá wò ó, ó ní ẹran náà ń bẹ̀ ẹ́. Fojúwọ̀n ní ó di ìgbà tí òun bá parí kóòtù tó wà nílẹ̀. Kóòtù kì í sì í tán nílé télọ̀.

Nígbà míì tó bá tú u sílẹ̀, ajá a máa da àwọn oníbàárà jọ sí igun ṣọ́ọ̀bù, a sì dúró tì wọ́n. Fojúwọ̀n a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ má bínú, ọmọṣẹ́ mi ni. Kò fẹ́ kí ẹ lọ ránṣọ níbòmíì."

Lọ́jọ́ kan ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Okùn já. Ajá sáré yí ìyá ká, ó ba síwájú rẹ̀, ó ń dà á lọ sí igun ọgbà. Ìyá ń fẹ̀yìn rìn, ó fẹsẹ̀ kọ garawa, ó ṣubú. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán.

Nígbà tí wọ́n fi máa ti ilé ìwòsàn dé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin ti ń dúró ní pálọ̀. Ó ní ajá wèrè ni, pé òun mọ ẹni tó máa wá pa á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó bi Fojúwọ̀n pé kí ló rí sí i. Ìyàwó ń to ìrọ̀rí sábẹ́ apá ìyá rẹ̀, kò gbójú sókè.

Fojúwọ̀n ní, "Ẹranko ni. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹranko?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ ọ́.

Ìyá ló dáhùn. "Mo ti rí ajá wèrè rí. Èyí ò ya wèrè. Ojú tó fi ń wò mí, ojú ẹni tó ń wáṣẹ́ ni. Kí ló máa ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́?"

Kò sẹ́ni tó bú Fojúwọ̀n. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Ó dà bí ẹni tí ṣòkòtò já bọ́ nídìí rẹ̀ lójú àna. Ó dìde.

"Kò ṣe nǹkan kan, mà. Mo so ó mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n kìlọ̀ fún mi kí n tó gbà á, mo sì ṣèlérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á. Èmi ni mo ṣe yín léṣe."

"Àṣé ó mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó wí, "ó mọ̀, ó ń rán kóòtù."

Lọ́jọ́ kejì ó dá ajá padà. Lójú ọ̀nà ó ti ro ohun tó máa sọ, pé ìyàwó òun ni kò fẹ́ ajá nílé. Ṣùgbọ́n alágùntàn kọ́kọ́ fọwọ́ pa ọrùn ajá níbi tí okùn ti jẹ irun rẹ̀ tán, irọ́ náà sì gbẹ mọ́ Fojúwọ̀n lẹ́nu. Ó jẹ́wọ́. Alágùntàn ṣí géètì. Ajá kò sáré wọlé. Ó yíjú padà wo Fojúwọ̀n, ó ń dúró kó fún òun láṣẹ, bí ẹni pé ọ̀gá yìí ti fún òun níṣẹ́ rí.

"Máa lọ," ni Fojúwọ̀n wí.

Nígbà tó yá, ìyá ń fẹ́ aṣọ tí apá rẹ̀ fẹ̀, tí ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì máa lè gbà kọjá. Fojúwọ̀n mú téèpù tuntun jáde. Ó wọn apá, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún padà wọ̀n ọ́n.

"Ojú ọ̀hún ti fọ́ ni?" ni ìyá bi í.

"Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí n tún un wọ̀n."

Téèpù ló ń wò. Kò tíì lè wo ojú ìyá.