Ìwo Ọtí Tí Ó Wúwo Jù Lọ́wọ́ Wiebke Lührs

Ní abúlé Brunsloh, ní ẹkùn pápá Lüneburg, kò sí ẹni tí kò mọ Wiebke Lührs. Opó ni, oyin ni ó sì ń sìn. Nígbà tí òdòdó bá bo pápá ní òpin ìgbà ooru, òun ni a máa ń rí tí ó ń ti àwọn ilé oyin rẹ̀ lórí ọmọlanke láti ibì kan dé ibòmíràn. Ó ga, ó gbẹ, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín. Bí ènìyàn bá kí i, ọwọ́ onítọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú rẹ̀. Bí ẹni tí ó ń ta ṣúgà fún un bá sọ pé ọjà òun dára, yóò tú àpò náà níwájú rẹ̀, yóò sì tọ́ ọ wò.

Wiebke kò bí ọmọ. Obìnrin ará Eritrea kan tí ó ń gbé yàrá òkè ilé wọn ni ó bí Selam, ó sì kú kí ọmọ náà tó mọ ìrìn. Wiebke àti Folkert ọkọ rẹ̀ gba ọmọ náà tọ́. Wọn kò yí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ padà, ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ ilé wọn kún un. Ní báyìí Selam ti jáde ilé ìwé, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì ní ìlú Uelzen.

Folkert ni ó mú Wiebke wọ inú ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ kékeré ni, ti àwọn tí ó padà sídìí àwọn òrìṣà tí a ń sìn ní ilẹ̀ Jámánì kí ẹ̀sìn Kristi tó dé: Wodan, Donar, Frija àti àwọn ìyókù. Lórí ilẹ̀ Wiebke, lábẹ́ igi óákù ńlá kan, ni a ti máa ń pàdé. Òun ni ó ń po ọtí oyin tí a ń mu, òun náà ni ó sì ń gbé ìwo màlúù tí a fi ń mu ún yí ká.

Àwọn ará abúlé kò fọkàn tán wa, a kò sì lè bá wọn wí. Àwọn apààyàn tí ó ṣèjọba nígbà ayé àwọn bàbá àgbà wa fi àmì àtijọ́ àwọn òrìṣà wọ̀nyí sára aṣọ ogun wọn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ilẹ̀, pé ìran tiwọn nìkan ló ni ilẹ̀, pa àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá àgbà Wiebke wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Wiebke máa ń sọ fún wa pé ọkùnrin náà kì í jágbe. Ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ níbi oúnjẹ, bí ẹni tí ó ń bẹ ọmọdé kí ó sùn.

Ní ìgbà ìrúwé, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Hartwig Brandes darapọ̀ mọ́ wa. Òrùlé ni ó ń kàn, kò sì pẹ́ tí ó fi tún òrùlé ahéré oyin Wiebke ṣe láìgba nǹkan kan. Gbogbo wa ni a fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kan tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà, Selam gbé kéèkì tí ó fi èso púlọ́ọ̀mù ṣe wá fún un.

"Orúkọ rẹ dùn mọ́ mi létí," ni Hartwig sọ. "Níbo lo ti wá gan-an?"

"Láti ilé ìdáná," ni Selam dáhùn.

Hartwig rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Mo ń bi ọ́ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni. Àwọn ará ibẹ̀ náà á ṣáà ní òrìṣà tiwọn, àbí? Ó yẹ kí èèyàn mọ ti ilé rẹ̀."

"Ilé mi lẹ dúró sí yìí. Ṣé ẹ fẹ́ jẹ kéèkì àbí ẹ ò fẹ́?"

Hartwig ní kí Selam bá òun fi bébà wé e, pé òun yóò gbé e lọ fún ìyàwó òun. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Wiebke rí bébà náà lábẹ́ igi tí a fi ṣe ọgbà lẹ́bàá ọ̀nà, kéèkì náà sì wà nínú rẹ̀ láìsí ibi tí eyín kàn.

"Ó lè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá," ni Selam wí.

"Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá rọra wọ abẹ́ ọgbà lọ fúnra rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ̀! Ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá pàápàá, ẹ̀ ń fura sí i. Ẹ ní ó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Ó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lóòótọ́."

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo ni pé Selam fẹ́ búra wọ ẹgbẹ́ ní àjọ ìkórè ọdún náà. Láti kékeré ni ó ti ń jókòó lábẹ́ igi óákù pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́. Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹni tí ó fẹ́ wọlé yóò gbé ọwọ́ lé òrùka ìbúra, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwo ọtí yóò yí ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mu ti gbà á ní ará ilé. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí a gbé ìwo sẹ́nu kí a má sì mu, nítorí irọ́ tí a pa lórí ìwo, gbogbo ilé ni yóò jìyà rẹ̀. A kì í sì í gbé ìwo kalẹ̀, nítorí pé kò lè dúró. Àtọwọ́dọ́wọ́ ni, títí tí yóò fi padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó gbé e jáde.

Nígbà tí àjọ náà kù díẹ̀, Hartwig dá àbá kan. Ó ní kí olúkúlùkù máa ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ kí a tó mu. Enno Thießen, tí ó jẹ́ olórí wa àti ọ̀rẹ́ Folkert láti ìgbà èwe, fẹ́ràn àbá náà.

"Kí ló burú níbẹ̀, Wiebke?" ni Enno béèrè. "Orúkọ bàbá àti ìyá ẹni kọ́ ni?"

"Kò sóhun tó burú nínú orúkọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún tí Selam fẹ́ búra ló rántí rẹ̀?"

"Ìwọ! Bí òjò bá rọ̀, wàá ní ta ló rán an."

"Ta ló rán an, Enno?"

Enno rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìpòrúurùu ọkàn bá Wiebke. Bí ó bá dá ìbúra náà dúró nítorí kéèkì kan lábẹ́ ọgbà, ojú yóò ti Selam, bóyá láìnídìí. Bí ó bá sì dákẹ́, ó lè jẹ́ pé àárín àwọn tí kò fẹ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò fi í sí, tí wọn yóò máa pè é ní arábìnrin lójú, tí wọn yóò sì máa ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó pinnu pé òun yóò gbé ìwo bí òun ti máa ń gbé e, òun yóò sì la ojú òun sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ àjọ, oòrùn mú díẹ̀. Búrẹ́dì dúdú wà lórí tábìlì, pẹ̀lú sọ́séèjì tí a fi èéfín yan àti ápù láti oko. A ka orúkọ àwọn baba ńlá wa. Nígbà tí ó kan Selam, ó gbé orí sókè.

"Èmi ni Selam, ọmọ Letebrhan tó bí mi, ọmọ Wiebke tó tọ́ mi, ọmọ ọmọ Gretje tó kọ́ mi ní orin."

"Ó sọ ọ́ dáadáa," ni Hartwig wí jẹ́jẹ́.

Selam gbé ọwọ́ lé òrùka, ó sì búra. Wiebke rọ ọtí kún ìwo dé ẹnu, ó kọ́kọ́ mu tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e yí ká. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Hartwig, ó wo ọ̀fun rẹ̀. Hartwig da orí sẹ́yìn, ó gbé ìwo sókè, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ọ̀fun rẹ̀ kò mì rárá. Bí ìwo ti ń lọ sí iwájú ni ìrísí ojú Wiebke ń yí padà, nítorí pé ìwo náà kò fúyẹ́ bí ó ti yẹ. Mo jókòó ti ìyá mi, èmi náà sì rí i bí Wiebke ti ń wọn ìwo náà lọ́wọ́ bí ẹni tí ó ń wọn afárá oyin. N kò wo ọ̀fun ìyá mi. Títí di òní, n kò tíì bi í.

Enno ni ó mu kẹ́yìn. Nígbà tí ó dá ìwo padà, Wiebke kò da èyí tí ó kù sídìí igi fún àwọn baba ńlá bí ó ti máa ń ṣe. Ó dúró.

"Ìwo yìí wúwo," ni ó wí. "Ẹni tí kò bá mu, kó sọ̀rọ̀. Òfin wa ni."

Àwọn kan nínú wa ń wo búrẹ́dì tí ó wà lórí tábìlì.

"A ti mu, Ìyáàfin Lührs," ni Hartwig wí. "Bóyá ọwọ́ yín ló ti ń rẹ̀ yín. Àgbà ń dé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Bóyá," ni Wiebke dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká tún un mu nígbà náà. Ọtí mi kò burú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò fi lè mu ún lẹ́ẹ̀mejì. Hartwig, ìwọ ni wàá bẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá gbé e sí ọ lẹ́nu, bí ìgbà tí wọ́n ń bọ́ ọkọ ìyàwó."

Ó gbé ìwo súnmọ́ ẹnu rẹ̀. Hartwig fà sẹ́yìn. Ó wo Enno, Enno sì ń wo ilẹ̀.

"Mi ò ní nǹkan kan nínú sí ọmọbìnrin yìí," ni Hartwig wí, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. "Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ àwọn òrìṣà wọ̀nyí, ti ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Mi ò lè mu pé ó di ẹ̀jẹ̀ mi."

"Ta ló bi ọ́ nípa ẹ̀jẹ̀?" ni Selam kígbe. "Ará ilé ni mo béèrè!"

"O ti sọ̀rọ̀," ni Wiebke wí fún un. "Ó yẹ kí o ti sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. O ti pa irọ́ lórí ìwo. Máa lọ sílé."

Hartwig mú àwọ̀lékè rẹ̀, ó sì lọ. Kò sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Àwa ìyókù mu, lọ́kọ̀ọ̀kan, Wiebke sì ń gbé ìwo sí wa lẹ́nu. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀fun wa. Ìwo náà ṣófo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Enno, wọ́n sì tún rọ díẹ̀ sí i fún un. Báyìí ni Selam ṣe di ọmọ ẹgbẹ́. A pàtẹ́wọ́, a gbá a mọ́ra, a sì jẹun. Ṣùgbọ́n a kò pariwo bí a ti máa ń ṣe, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ní làákàyè ti mọ̀ pé ẹnu ènìyàn kan ṣoṣo kò lè ṣẹ́ ọtí tó bẹ́ẹ̀ kù nígbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń lọ, Enno dúró láti bá Wiebke kó àwọn bẹ́ǹṣì. Wọ́n di bẹ́ǹṣì kan mú, ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn. Selam ń ká aṣọ tábìlì nítòsí wọn.

"Enno," ni Wiebke wí, "ṣé o mu ún nígbà àkọ́kọ́?"

Enno tún bẹ́ǹṣì náà dì mú. "Mo mu ún nígbà kejì, Wiebke. Mo sì mu ún dénú."

"Ìyẹn tó mi," ni Selam wí, ó sì ń bá aṣọ kíká lọ.

"Èmi, kò tó mi," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó gba bẹ́ǹṣì náà lọ́wọ́ Enno, ó sì dá gbé e lọ sínú ahéré.