Ọparun Don Eleuterio

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ère Fransísì Mímọ́ fi ń kọjá níwájú gèètì Don Eleuterio láìyà. Lábúlé wa níhìn-ín, lókè ìlú Kobán, gèètì tí ibòòji ewé orí rẹ̀ bá dára jù ni àwọn tó ń gbé ère máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí lọ́jọ́ àjọ̀dún, tí onílé á sì bu ògì àgbàdo gbígbóná fún wọn. Don Eleuterio, tó ń rán gàárì ẹṣin, kì í bínú. Ó kàn máa ń ti fèrèsé pa bí ère bá ti kọjá, ó ní nítorí eruku ni.

Ló bá wá ọparun ẹlẹ́wà kan tó máa ń gun igi, ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ gèètì, ó sì ri òpó méjì tí yóò gùn. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ọ̀mùnú yọ gbọọrọ bí ọ̀kọ̀, kò lẹ́ka, kò léwé. Doña Hermelinda, opó tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín wọn, yọjú.

“Don Eleuterio, ẹ̀ṣọ́ lẹ gbìn ni, àbí ibòòji?”

“Doña, ọmọ tuntun kì í tirùngbọ̀n wáyé.”

Òjò ọdún kejì ló dá a láre. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ yọ yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká, ewé ṣù sí i bíi wajawaja etí aṣọ. Ara ọparun wúwo, ó tẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò fẹ̀yìn tì. Kò wo òpó méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Igi píà tó wà lẹ́nu gèètì Doña Hermelinda ló gbé orí lé. Don Eleuterio fi awọ gàárì tó dára jù fà á padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti yọ́ bọ́. Kò sì lè gé e, torí ọparun tí a bá gé lórí kì í ga mọ́.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, gèètì Doña Hermelinda dà bí ihò ewé. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ ère kalẹ̀ sí. Don Eleuterio ti fèrèsé rẹ̀.

Obìnrin náà kò bu ògì fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ dúró sídìí ògiri, ó ké sí Don Eleuterio.

“Ẹ jáde, ẹ wá bu ògì fún àwọn àlejò yín. Igi mi kàn bá yín gbé ọparun yín ni.”

Ó jáde. Ó bu ògì kún jù, ó sì ta sí bàtà ẹni mímọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Don Eleuterio wó ògiri náà níbi tí ènìyàn lè gbà kọjá. Ó ní òun fẹ́ máa rí àyè bomi rin gbòǹgbò. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni gbòǹgbò wà. A ò bá a jiyàn. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀dá mú, gbogbo ewé ọparun gbọ̀n dànù bó ṣe máa ń ṣe, kò ku ibòòji tó lè bo adìyẹ. Don Eleuterio ṣì ń lọ jókòó lábẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Doña Hermelinda lójoojúmọ́.