Kásẹ́ẹ̀tì Tí Bàbá Mi Ní Òun Ń Bọ̀ Wá Gbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àmù lọ, èmi àti Yèyé nìkan là ń gbé inú ilé kan báyìí ní Emùré. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìyá mi ti fẹ́ ọkọ mìíràn sí Ògòtún, bàbá mi sì ń múra àtilọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àsìkò náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí inú àwọn àgbà ṣe ń dùn, tí wọ́n ń sọ pé gbogbo ọmọ wa tó wà ní ìdálẹ̀ ló máa padà wálé wàyí. Bí àwọn kan ṣe ń múra àtibọ̀ ni bàbá tèmi ń múra àtilọ.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn ọkùnrin márùn-ún kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ orin inú rẹ̀. Àkójọ àwọn orin wọn tó dùn jù lọ ni, láti ìgbà tí bàbá mi ti wà ní ọ̀dọ́. Àwòrán wọn wà lára páálí rẹ̀: kóòtù kan náà, bàtà kan náà, gbogbo wọn na ọwọ́ ọ̀tún síta bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Bàbá mi ní, "Kẹ́mi, tọ́jú ẹ̀ fún mi dáadáa. Mò ń bọ̀ wá gbà á." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbá mú. Níwọ̀n ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ mi, dandan ni kó padà wá.

Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, màá jẹ iyán àmọ́jú pẹ̀lú ọbẹ̀ ìsápá tí Yèyé gbé kalẹ̀ fún mi kó tó lọ oko, màá fọ abọ́, màá gbá ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù. Èèyàn méjì ló ń ta tẹ́ń-tẹ́ń, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi a dojú kọ ògiri, màá máa pàtẹ́wọ́, màá máa na ẹsẹ̀ síwájú. Ẹnikẹ́ni kò borí mi rí.

Ìgbà tí Yèyé bá dé ni inú mi máa ń dùn díẹ̀. Ó ti sá bátìrì sínú oòrùn lórí páànù láti àárọ̀, kí ó lè gba agbára díẹ̀ sí i. A ó kó o sínú rédíò, àwọn ọkùnrin márùn-ún náà á sì bẹ̀rẹ̀. Yèyé kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó mọ gbogbo wọn. Èyí tó ń fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ké lókè, ó ní ebi ló ń pa á. Èyí tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, Baálẹ̀ ló pè é. Orin kan wà tí Baálẹ̀ máa ń dúró sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ láàárín rẹ̀, bí ẹni ń bẹ ìyàwó rẹ̀. Yèyé a sì máa dá a lóhùn: "Hẹn-ẹn. Hẹn-ẹn. Òótọ́ ni." Èmi a máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ọdún méjì kọjá. Bàbá mi kò dé. Ni Àǹtí Ìyábọ̀, ọmọ ilé tó kángun sí tiwa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá wá sọ pé òun ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò mọ̀wé kọ a máa fi ohùn ránṣẹ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó sì di Ìkẹ́rẹ́ kí a tó rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo rà, bẹ́ẹ̀ Àǹtí Ìyábọ̀ ń lọ lọ́jọ́ kejì. Yèyé ní kí n lọ mú ti bàbá mi wá.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé e pamọ́. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: abẹ́ odó ni mo fi í sí, odó tí a da ojú rẹ̀ délẹ̀. Kò pé wákàtí kan tí Yèyé fi fẹ́ gúnyán. Ó gbé odó, ó rí kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ọmọ Èkìtì wo rè é, tó ń fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ odó?" Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n ká ọwọ́ sókè, kí n dojú kọ ògiri. Ògiri tí mo máa ń bá ta tẹ́ń-tẹ́ń náà ni. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún sọ ohun tó wà lọ́kàn mi: bí Bàbá bá ti gba kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tán, kí ló tún máa wá ṣe nílé?

Yèyé ní, "Èmi rè é ní ulé. Uwọ náà rè é." Ó ní kí n dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ki bébà bọ ihò kéékèèké méjèèjì tó wà létí kásẹ́ẹ̀tì, kí ó lè gba ohùn sílẹ̀. Yèyé wé gèlè, ó jókòó tààrà síwájú rédíò. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Ó pariwo bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì odò: "Ọmọ mi o! Ṣé ara le?" Ó dúró dè é kó dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "A dúpẹ́. Ṣé uṣẹ́ ń lọ?" Ó tún dúró. Báyìí ló kí i títí, tó ń fi àyè sílẹ̀ fún èsì. Ó wá ní, "Ọmọ rẹ rè é, ó fẹ́ kí ọ." Mo pa ẹnu mọ́. Inú ń bí mi sí Yèyé, inú ń bí mi sí bàbá mi. Adìyẹ kan ń ké lẹ́bàá wa. "Sọ̀rọ̀ sí i, ọmọ mi." N kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ni mo tẹ̀ ẹ́ tó fi dúró.

Àǹtí Ìyábọ̀ mú un lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí orin mọ́ nílé wa. Ó pẹ́ kí Yèyé tó jáwọ́ nínú sísá bátìrì. Bó bá ti sá a tán ni yóò tó rántí, á ní, "Háà."

Ìgbà tí Yèyé kú ni bàbá mi tó wálé. Mo ti fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, irun rẹ̀ sì ti funfun. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde lápò. Ó ní àárín orin tí Baálẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ni ohùn Yèyé bọ́ sí, pé orin á máa lọ, Yèyé á sì já wọlé. Ó ní òun máa ń dá a lóhùn ní gbogbo ibi tó bá ti dúró. Ó ní, "Tó bá wá kan tìẹ, màá na etí. Adìyẹ nìkan ni mò ń gbọ́." Ọ̀rọ̀ kún inú mi. Ohun tí mo rí sọ ni, "Ẹ má bínú, sà." Lọ́jọ́ tó ń padà lọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Tọ́jú ẹ̀ fún mi, Kẹ́mi. Mò ń bọ̀ wá gbà á."

Kò wá gbà á. Ọ̀hún ló kú sí lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọ̀hún náà ni wọ́n sin ín sí.

Ayé ti yí padà. Ní Adó tí mò ń gbé báyìí, àwọn ọmọ mi ń rí ojú ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó sórí àga kan náà. Kò sí ẹni tó ń sá bátìrì mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpótí mi, kò sì sí ohun tí mo lè fi gbọ́ ọ nílé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbíkẹ́yìn mi fi ìka kan wá gbogbo orin àwọn ọkùnrin márùn-ún náà jáde lórí fóònù, pẹ̀lú àwòrán kan náà, ọwọ́ wọn ṣì nà síta. Nígbà tó jáde, tó ku èmi nìkan, mo fi orin Baálẹ̀ sí i. Ó dé ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀. Mo ń retí kí Yèyé já wọlé. Kò já wọlé. Mo fi àyè sílẹ̀ bí Yèyé ṣe fi í sílẹ̀ fún èsì, nígbà tó sì kan tèmi, mo ní, "Bàbá, Kẹ́mi nìyí. Ẹ máa bọ̀ wálé." Àwọn ọkùnrin náà kò dúró, wọ́n ń kọrin wọn lọ.