Ìyàwó Mi Kì í Tan Aláìsàn

Kí ìyàwó mi tó sọ òótọ́ tó korò fún aláìsàn, yóò kọ́kọ́ di ọwọ́ onítọ̀hún mú. Dókítà ojú ni, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì n'Ífẹ̀ nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gbé e níbi iṣẹ́, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀ kan láti Modákẹ́kẹ́.

"Bàbá, ojú yín tó ti lọ yìí ò ní padà mọ́."

Bàbá náà sunkún. Nígbà tó jáde, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Mà, ẹ̀ bá kàn ní yóò dáa."

"Kó lè lọ ta oko rẹ̀ nítorí ìwòsàn tí kò sí? Jẹ́ kó tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn."

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú ìyàwó mi náà, èmi ni àwọn dókítà rẹ̀ sọ fún pé kò ní pẹ́ lọ.

"Bàbá Fúnmi, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní yóò dáa."

Ó gbà mí gbọ́. Ó ní kí ara òun kọ́kọ́ le díẹ̀, òun yóò kọ lẹ́tà sí Fúnmi ọmọ wa ní Sókótó. Kò kọ ọ́.

Fúnmi ṣì máa ń bi mí bóyá ìyá òun fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún òun.