Ohun Tí Bàbá Mi Yọ Lẹ́nu

Bàbá mi kì í gé obì jẹ lójú èèyàn. Oníṣòwò obì ni ní Ṣàgámù, àmọ́ bí wọ́n bá fún un ní obì, èékánná ló fi ń là á sí wẹ́wẹ́, á wá ju èyí tó kéré sí ẹ̀yìn ẹnu. Àwọn oníbàárà rẹ̀ gbà pé ìwà àgbà ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1980, eyín ẹ̀yìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú. Èmi ni àkọ́bí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, torí náà màmá mi ní kí n tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Èkó. A gba ọ̀nà Ògíjó. Ó fi ìnujú bo ẹnu títí a fi dé ibẹ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, kò sì tíì dàgbà púpọ̀. Ó yẹ ẹnu bàbá mi wò, ó ní òun fẹ́ ya àwòrán èsíréè gbogbo àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá kejì tó máa ń yí orí èèyàn ká bó bá ń yàwòrán.

"Bàbá, ẹ bá mi yọ gbogbo ohun tó bá ṣeé yọ lẹ́nu yín."

Bàbá mi ní kò sí nǹkan kan.

Dókítà wojú mi, ó tún wojú bàbá mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn eyín iwájú yẹn ni mò ń sọ, sà. Irin tó dì wọ́n mú kò ní jẹ́ kí àwòrán náà mọ́."

Ó yẹ kí n jáde. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, tèmi ti fìlà rẹ̀ àti tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu. Nígbà tó yíjú padà, ètè òkè rẹ̀ ti wọlé, ó sì dà bí arúgbó tí mi ò mọ̀ rí. Ó ń wá ibi tí yóò gbé nǹkan náà sí. Èmi ló sún mọ́ ọn jù, ni mo bá na ọwọ́. Eyín mẹ́rin ni, lórí ohun pupa kékeré kan bí erìgì. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ojú tì mí bí ẹni tó já wọ yàrá tí bàbá rẹ̀ ti ń wẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò títí ẹ̀rọ náà fi dúró.

Nígbà tí àwòrán jáde, dókítà gbé e sí iwájú iná. Ó fi ìka tọ́ eyín tó bàjẹ́ náà, ó sì ní òun máa yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìka rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi kọjá àgbọ̀n.

"Èyí kì í ṣe eyín," ó ní. "Ọrùn yín nìyí. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ń gba ibẹ̀. Ẹ wo funfun bí ẹfun yìí. Ó jọ pé nǹkan kan ti ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan náà, ó sì ń le."

"Kò sí ohun tó ń ṣe mí ní ọrùn," bàbá mi wí.

"Kì í dunni, sà. Mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà, dókítà eyín ni mí. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó lọ rí dókítà ọkàn."

Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ga.

Nígbà tí à ń padà, bàbá mi sọ fún mi pé nígbà ọ̀dọ́ òun, nígbà tí òun ń já àpò obì ní ibùdókọ̀ ojú irin, ìkọ́ irin kan fò gbá òun lẹ́nu, eyín iwájú mẹ́rin sì yọ dànù. Kò tíì mọ màmá mi nígbà náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kì í yọ eyín náà, oorun ni o, ààwẹ̀ ni o.

"Ìyá yín ò mọ̀," ó ní. "Má sọ fún un."

"Ti ọrùn ńkọ́?"

"Eyín la lọ yọ. A sì ti yọ ọ́."

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí màmá mi bá gbọ́ ti ọrùn, yóò tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á sì tún ní kó la ẹnu. Bó ṣe jókòó nìyẹn tí kò lọ rí dókítà kankan. Bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, n kì í lè wo ẹnu rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo lọ bá a ní ìsọ̀. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Bí ẹ ò bá lọ, màá sọ fún Màmá."

Ó ní kí n máa lọ sílé. Àmọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́ náà, ó pe màmá mi sí yàrá, ó ní kí èmi náà wá. Ó sọ ti ọrùn. Lẹ́yìn náà ló yọ eyín náà níwájú rẹ̀.

Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló tún mọ̀?"

Bàbá mi wojú mi. Màmá mi náà yíjú sí mi.

"Ọmọ tí mo bí," ó ní. "Ọmọ tí mo bí ló kọ́kọ́ rí ẹnu ọkọ mi."

Ó dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo lọ bá a níbẹ̀, ó ń da omi gààrí nù, ó ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀.

Òun ló tẹ̀ lé bàbá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn. Wọ́n ní iṣan náà ti fún díẹ̀, àmọ́ kò tíì dí. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní kó dín iyọ̀ kù. Ó ń lo oògùn náà títí ó fi darúgbó, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì rọ lọ́jọ́ kan.

Àmọ́ ó pẹ́ gan-an kí màmá mi tó tún rán mi bá a lọ síbikíbi. Bí a bá jọ ń jẹun, bàbá mi á kọjú sí ògiri, èmi àti màmá mi á sì máa wo inú àwo wa.