Ọjọ́ Tí A Pààrọ̀ Páìpù Bíréèkì Lọ́rì Bàbá Mi

Tapólì ni mo ń rán lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá pè mí. Ẹ̀gbẹ́ Wharf Road ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí òórùn dísẹ̀lì, omi òkun àti ìda tí mo fi ń pa òwú ti di ọ̀kan ṣoṣo sí mi nímú, tó fi jẹ́ pé tí mo bá lọ sí ìlú mìíràn, ńṣe ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń rí sí mi bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mo ti rán etí kan tán, mo ń fi òrùka irin sí igun rẹ̀, nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ kan tó mọ ilé wa dúró níwájú mi. Ó ní, "Ìyá, lọ́rì Bàbá yín ti wọnú yanrìn ní Boundary. Kò sẹ́ni tó kú o." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló já mi láyà jù. Èèyàn kì í sọ pé kò sẹ́ni tó kú àfi níbi tí ikú ti yọjú wò.

Nígbà tí mo débẹ̀, Bàbá ṣì jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé sitiárín bí ẹni tó ń dúró de èrò. Imú lọ́rì náà ti rì sínú òkìtì yanrìn tí ẹnì kan tó ń kọ́lé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lọ́rì àtijọ́ ni, iná iwájú rẹ̀ rí roboto bí ojú òwìwí, pákó sì ni gbogbo ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni Bàbá ti ń fi í kó pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù láti wọ́ọ̀fù lọ bá àwọn káfíńtà Ajégúnlẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀kọ máa ń jókòó sídìí òkìtì yanrìn yẹn gan-an, àmọ́ oòrùn mú un ní kété kí lọ́rì tó dé, ó sì gbé àpótí rẹ̀ sódì kejì. Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oòrùn ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń gbé ní Àpápá GRA, ti gbọ́ kí n tó pè wọ́n. Wọ́n ní, "Gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ Bàbá lónìí. Kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé e lọ. Tìẹ ni wọ́n máa gbọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ, tèmi ni Bàbá máa ń gbọ́, nítorí n kì í sábà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, lọ́rì yẹn ló ń jí Bàbá láàárọ̀. Tí mo bá já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ wọn, mo ti gba ẹsẹ̀ wọn. Tí mo bá sì fi í sílẹ̀ fún wọn, ìyá ẹlẹ́kọ lè má dìde lọ́jọ́ mìíràn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ká kọ́kọ́ tún bíréèkì ṣe ná. Wọ́n ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, ọrùn mi ló wà. Mo ní ó dáa.

Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ́ ni mẹkáníìkì tí a wọ́ ọkọ̀ náà lọ bá, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá àti pijin sì máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú gbólóhùn kan. Ó wọ abẹ́ lọ́rì, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú họ́ọ̀sì bíréèkì iwájú lọ́wọ́. Rọ́bà náà ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì ti bẹ́ lójú kan. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ́ìlì bíréèkì gbà dà nù. "Àǹtí," ó ní, "gbogbo ẹ̀ la máa yọ o, họ́ọ̀sì àti páìpù. Iyọ̀ òkun ti jẹ irin yìí. Tí a bá pààrọ̀ ẹyọ kan, the remaining ones go vex."

Mo fẹ́ràn bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó la páálí ńlá kan sílẹ̀, ó ń to páìpù àlòkù tó bá ti yọ sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò lábẹ́ ọkọ̀, ti iwájú níwájú, ti ẹ̀yìn lẹ́yìn, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ọwọ́ tẹ páìpù tuntun díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e lé ti àtijọ́ wò títí tí méjèèjì fi bára mu. Bí èmi náà ṣe ń tẹ́ tapólì tó ti gbó lé tuntun kí n tó gé e nìyẹn. Mo dúró tì í, inú mi ń rọlẹ̀ bọ̀. Àfi ìgbà tó yọ páìpù ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, tó sì gbé e sókè fún mi wò.

Wọ́n ti gé ẹnu páìpù náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n sì fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ. Ọ̀kan nínú ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà rí bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ti dí i pa," ó rọra sọ. "Ó ti pẹ́ gan-an." Ó ṣàlàyé fún mi pé tí ẹsẹ̀ kan bá ń jò lójú ọ̀nà, tí kò sì sí ohun tí wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀, àwọn awakọ̀ máa ń dí páìpù rẹ̀ pa kí ọ́ìlì lè máa lọ sí àwọn ẹsẹ̀ tó kù. Ọkọ̀ yóò dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀tún iwájú bá ti kú, apá òsì ni yóò máa ya sí, síhà ibi tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀. Ẹni tó ń wà á ní láti máa fà á padà sí ọ̀tún nígbàkigbà tó bá ti tẹ bíréèkì.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn kò sì fẹ́ sún mọ́ wa. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, ṣé lọ́rì yìí ni àwọn òyìnbó gùn wá síbí ni?"

"Àwọn òyìnbó ti lọ," Bàbá dá a lóhùn. "Òun ṣì wà."

Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Bàbá dìde, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kíá ni mẹkáníìkì ju àkísà tó fi ń nu ọwọ́ lé ibi tí wọ́n lù pẹlẹbẹ yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Mo ti gba oríṣiríṣi ẹ̀bùn láyé mi, n kò tíì gba èyí tó ju àkísà yẹn lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ká àkísà náà kúrò, wọ́n sì wo páìpù náà bí ẹni tó ń wo àwòrán ara rẹ̀ nígbà èwe.

"Èmi ni," wọ́n ní. "Ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn ni. Òjò ń rọ̀. Mo ní kí n ṣáà fi délé."

"Bàbá, kò sí dírẹ́bà tí kò ṣe é rí," mẹkáníìkì sọ.

"Wọ́n ń ṣe é. Àmọ́ tí wọ́n bá délé, wọ́n á tú u." Bàbá kò padà sórí bẹ́ǹṣì mọ́.

Nígbà tí páìpù àti họ́ọ̀sì tuntun ti wà lábẹ́ ọkọ̀ tán, tí a sì ti bu ọ́ìlì sí i, ó ku ká lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹni méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹnì kan á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá gbé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó dì í padà, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Ẹni tí mẹkáníìkì wa ń bá ṣiṣẹ́ ti rìnrìn àjò, orúnkún Bàbá kò sì lè dúró lórí bíréèkì pẹ́. Èmi ni mo gun òkè. Mo jókòó sí ìjókòó awakọ̀, ibi tí n kò jókòó sí rí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ohùn kan wá láti ẹ̀yìn pátápátá.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́? Ẹ sọ̀rọ̀ o. Tí mi ò bá gbọ́ yín, mi ò ní tú nǹkan kan."

Mo tún sọ ọ́. Ariwo títì gbé e lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà ní bóyá àdúrà ni mò ń gbà níbẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá wá dúró láàárín èmi àti mẹkáníìkì, wọ́n gbé ọwọ́ kan lé pákó lọ́rì, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìn. "Ó ti tẹ̀ ẹ́," wọ́n ké pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe àwọn aláàárù ní wọ́ọ̀fù nígbà kan. "Tú u." Wọ́n á dúró díẹ̀. "Ó ti dì í. Gbé ẹsẹ̀, ọmọ mi." Bí a ṣe ṣe é láti ẹsẹ̀ kan dé òmíràn nìyẹn, tí bíréèkì tó kọ́kọ́ rọ̀ bí àkàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ń le bọ̀, títí tó fi dúró gbọin. N kò mọ̀ bóyá Bàbá gbọ́ ohùn mi lóòótọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, àbí ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn kò fìgbà kan sọ pé mo ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la gbé e jáde, nígbà tí títì ẹ̀yìn ilé mẹkáníìkì ṣófo. Òun ló kọ́kọ́ wà á. Ó sáré díẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sitiárín kí a lè rí i. Lọ́rì náà dúró gán-ín, kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ìjókòó sílẹ̀ fún Bàbá. Èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Bí Bàbá ṣe tẹ bíréèkì, lọ́rì yà bìrí sí ọ̀tún, táyà iwájú sì dúró sétí gọ́tà. Mo rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Mẹkáníìkì sáré wá sójú fèrèsé. "Bàbá, ẹ ń fà á. Ẹ má fà á mọ́, ó ti gún. Ẹ jẹ́ kó lọ fúnra ẹ̀." Bàbá ní wọ́n gbọ́. A tún lọ, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, mo sì ń wo ọwọ́ wọn báyìí. Mo rí bí ọwọ́ náà ṣe fà á sí ọ̀tún kí ẹsẹ̀ wọn tó tẹ bíréèkì délẹ̀, láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn mọ̀. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀, wọ́n paná ọkọ̀. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, wọ́n sì wo ọwọ́ náà.

"Bíréèkì ti gún," wọ́n ní. "Ọwọ́ mi ni kò gún."

Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ gbà ni, n kò sì já a gbà, Bàbá fúnra wọn ni wọ́n fún mi. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn já nǹkan gbà lọ́wọ́ wọn níta gbangba, tí wọn kò jẹun dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́rì yẹn ṣì ń kó pákó, wọ́n sì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á nígbà tó bá wù wọ́n. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kì í mẹ́nu kan yanrìn tàbí ọ́ìlì tàbí páìpù tuntun. Ohun tí mo máa ń rántí ni pé a tún ọkọ̀ ṣe débi tí Bàbá fi lè fojú ara wọn rí i pé ó tó àkókò láti fi sitiárín sílẹ̀, láìsí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, mo so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ igun aṣọ mi. Bàbá ṣílẹ̀kùn, wọ́n rọra sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, wọ́n sì bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Bá mi wá awakọ̀ kan," wọ́n ní. "Àmọ́ kó má ṣe jẹ́ ìkankan nínú àwọn tí èmi fi lọ́rì yìí kọ́ ní mọ́tò wíwà."